Ìdúró ni Olórí Àṣẹ: Bí Ọ̀pá-Ìdarí ṣe ń Darí Pèpéle Agbérù Oníná, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ilé Ère Èsìẹ́

1.0 Ìfáàrà

Ìlú Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún, Ìpínlẹ̀ Kwara, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ṣáájú èyí, ní 1933, H. G. Ramshaw, tí í ṣe alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., ti fi ìròyìn àwọn ère òkúta ibẹ̀ tó ìjọba létí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ti mọ ère wọn tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Ní 1978 ni ìwé tí Phillips Stevens kọ lórí wọn jáde. Iye àwọn ère náà ju 800 lọ. Gíga wọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 títí dé èyí tí ó lé ní mítà kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bá tí orí ti ya kúrò lọ́rùn, tàbí tí apá ti kán.

Kì í ṣe ìtàn àwọn ère náà ni a fẹ́ tún sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí ó kàn wá ni pé wọ́n jẹ́ ẹrù tí ó ní ìwà méjì tí kì í sábà bára dọ́gba. Àkọ́kọ́, wọ́n wúwo. Irú òkúta tí a fi gbẹ́ wọn wúwo tó ìlọ́po 2.7 omi tí ó bá gba àyè kan náà, nítorí náà èyí tí ó bá gba àyè lítà 30 kò ní dín ní kìlógíráàmù 80. Èkejì, wọ́n rọ̀. Tálíìkì ni ó pọ̀ jù nínú irú òkúta yìí, òun ni ó sì ń mú kí ó máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Nínú òṣùwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, tálíìkì ni ó wà ní ipò 1, ìyẹn ipò èyí tí ó rọ̀ jù lọ. Èékánná ènìyàn lè ha á. Ẹrù tí ó wúwo ń fẹ́ agbára. Ẹrù tí ó rọ̀ ń fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ọkùnrin méjì bá gbé irú ère bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀kan yọ̀, ohun tí ó ti wà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lè di àfọ́kù ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ọ̀pá kékeré kan, tí ọwọ́ kan ń tì síwá sẹ́yìn, darí pèpéle tí ẹ́ńjìnnì oníná ń gbé sókè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. A kò sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èsìẹ́. Ẹrù ibẹ̀ ni a yá lò láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé ẹrù tí kò gba àṣìṣe ni ó ń fi ìwà ẹ̀rọ hàn. Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé nínú àṣẹ mẹ́ta tí ọ̀pá náà lè pa, ìyẹn 'gòkè', 'sọ̀ kalẹ̀' àti 'dúró', 'dúró' ni olórí. Ẹni tí ó bá ṣètò ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ dáadáa, tí kò ṣètò ìdúró, kò tíì ṣe ẹ̀rọ.

2.0 Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ohun tí a ń sọ hàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun èlò yìí ní joystick. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 'ọ̀pá ayọ̀' ni a ó bá níbẹ̀, èyí kò sì là wá lóye rárá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni a wò tí a fi pè é ní ọ̀pá-ìdarí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò kan ẹ̀rọ. Fún ìdí èyí, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń lò ni a ó gbà níbikíbi tí ó bá wà: bátìrì, wáyà, súìṣì, jáàkì, súkúrù. Ẹ́ńjìnnì oníná ni a ó máa pe ohun tí ń yí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe èyí tí à ń fi lọ ata, kí ó lè yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì elépo. Pèpéle agbérù ni a ó sì máa pe ibi tí a gbé ẹrù lé.

3.0 Ìtàn ní ṣókí

Ẹ̀rọ agbérù kì í ṣe ohun titun. Ẹni tí ó bá ti fi ọpọ́n roboto tí okùn ń gbà kọjá fa omi nínú kànga ti lo irú rẹ̀ kan. Ohun tí ó mú kí ènìyàn fara mọ́ ọn láti máa gun ẹ̀rọ agbérù kì í ṣe agbára láti gòkè bí kò ṣe ìdánilójú pé kò ní já bọ́. Ní 1854, ní ìlú New York, Elisha Otis dúró lórí pèpéle kan tí okùn gbé sókè, ó sì ní kí wọ́n gé okùn náà lójú gbogbo ènìyàn. Pèpéle náà dúró gbọn-in, nítorí pé eyín irin méjì ti yọ síta, wọ́n sì há mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1880 ni Werner von Siemens gbé lífítì oníná jáde ní ìlú Mannheim ní Jámánì. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ètò tí ìtàn tẹ̀ lé: ìdúró ni ó kọ́kọ́ dé, kí iná mànàmáná tó wá gba ipò agbára ìgòkè. Nígbà tí a fi máa ṣí Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ní 1965, tí ó ní àjà 26, kò sí ẹni tí ó tún bèèrè bóyá ó yẹ kí ènìyàn wọ lífítì.

Ní ti ọ̀pá-ìdarí, inú ọkọ̀ òfuurufú ni ó ti gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1943, àwọn ọmọ-ogun Jámánì lo ọ̀pá kékeré kan láti inú ọkọ̀ òfuurufú láti fi darí àdó olóró kan tí wọ́n ń pè ní Henschel Hs 293, nípasẹ̀ rédíò. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kò pọn dandan kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ fa ohun tí ó ń darí; ó tó kí ó sọ ohun tí ọwọ́ fẹ́, kí ẹ̀rọ mìíràn sì ṣe é. Ìpínyà yìí, láàárín ẹni tí ń pàṣẹ àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́, ni ó mú ìrọ̀rùn wá. Òun náà ni ó mú ewu wá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

4.0 Ẹrù àti agbára tí ó bá a mu

Kí a mú un pé ère kan wúwo tó kìlógíráàmù 100, kí pèpéle àti irin tí ó gbé e jẹ́ kìlógíráàmù 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150. Agbára tí ilẹ̀ fi ń fa èyí sísàlẹ̀ jẹ́ 150 ní ọ̀nà 9.8, èyí tí í ṣe Newton 1,470. Bí a bá fẹ́ kí ó máa fi sẹ̀ǹtímítà 5 gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára tí a nílò kò ju wáàtì 74 lọ, èyí tí kò tó ti gílóòbù aláwáàtì 100 ayé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í gbé ẹrù tààrà. A máa ń fi súkúrù gígùn kan sáàárín, tí yóò máa yí, tí nọ́ọ̀tì tí ó wà lára pèpéle yóò sì máa gun orí rẹ̀ lọ. Súkúrù a máa fi agbára ṣòfò nínú ìfarakanra. Bí ó bá jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó dé ọ̀dọ̀ ẹrù, ẹ́ńjìnnì ní láti gba wáàtì 245. Lára bátìrì onífólítì 24, èyí jẹ́ nǹkan bíi áńpù 10.

Ẹnìkan lè bèèrè ìdí tí a fi yan ohun tí ń fi agbára ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bùútù ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá fi jáàkì onísúkúrù gbé ọkọ̀ sókè láti pààrọ̀ táyà, tí ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ láti nu òógùn, ọkọ̀ náà kì í padà wálẹ̀. Ìfarakanra tí ó ń jẹ agbára nígbà ìgòkè ni ó ń di ẹrù mú nígbà ìdúró. Òfin tí ó wà níbẹ̀ ni pé súkúrù tí ìdá tí ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹrù kò bá tó àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kì í jẹ́ kí ẹrù yí i padà. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ níbi tí iná ọba ti lè lọ nígbàkigbà. Pèpéle tí ó jẹ́ iná ni ó dì í mú yóò wó lulẹ̀ bí iná bá lọ. Èyí tí ó jẹ́ súkúrù ni ó dì í mú yóò dúró níbi tí ó wà. Àmọ́, gbígbọ̀n léraléra lè dín ìdìmú súkúrù kù, nítorí náà ó yẹ kí bíréèkì kan wà lára ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí sípíríǹgì ń tì pa tí iná sì ń ṣí. Bí iná bá kúrò, bíréèkì yóò pa ara rẹ̀ dé.

5.0 Ohun tí ń bẹ nínú ọ̀pá-ìdarí

Oríṣi méjì ni ọ̀pá-ìdarí. Ti àkọ́kọ́ kò ju súìṣì mẹ́rin lọ, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti ọ̀pá náà, ó tẹ súìṣì kan; bí a bá fi í sílẹ̀, súìṣì náà ṣí. 'Bẹ́ẹ̀ ni' tàbí 'bẹ́ẹ̀ kọ́' nìkan ni ó lè sọ. Oríṣi kejì lè sọ 'díẹ̀', 'púpọ̀' àti 'jù bẹ́ẹ̀ lọ'. Èyí ni ó bá ẹrù wa mu, nítorí pé òkúta tí ó rọ̀ kò fẹ́ kí a ta á jí lójijì.

Nínú oríṣi kejì yìí, ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀pá kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń yí lára rédíò láti gbé ohùn sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wáyà mẹ́ta ni ó ní: èyí tí ó gbé iná wá, èyí tí ó gbé e lọ sílẹ̀, àti èyí tí ó mú ìròyìn jáde. Bí a bá fún un ní fólítì 5, tí ọ̀pá sì wà láàárín gan-an, ìròyìn rẹ̀ jẹ́ fólítì 2.5. Bí a bá tì í sókè, ìròyìn ń pọ̀ sí i. Bí a bá fà á sísàlẹ̀, ó ń dín kù. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ń ka ìròyìn yìí, ó sì ń sọ ọ́ di oǹkà láti 0 sí 1023. Àárín jẹ́ 512.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ díjú. Ọ̀pá gidi kì í padà sí 512 gẹ́lẹ́. Sípíríǹgì ń gbó. Eruku ọyẹ́ ń wọlé. Ooru ọ̀sán ń yí nǹkan padà. Lónìí ó lè dúró sí 505, lọ́la kí ó dúró sí 521. Bí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohunkóhun tí ó bá ju 512 lọ túmọ̀ sí 'gòkè', pèpéle yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára ọ̀pá. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ ní àárín. A lè sọ pé láti 462 dé 562, 'dúró' ni. Àyè yìí ni a pè ní àgbègbè ìdúró. Kì í ṣe àyè òfìfo. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀, àṣẹ náà sì ní ààlà.

Lẹ́yìn àgbègbè ìdúró ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìhà tí ọ̀pá wà sí àgbègbè náà ni ó ń sọ ibi tí pèpéle yóò kọrí sí. Bí ó ti jìnnà sí i tó ni ó ń sọ bí yóò ti yára tó. Bí a bá fi 921 ṣe òpin òkè (a ó sọ ìdí rẹ̀ ní abala 7.0), àlàfo láti 562 jẹ́ 359. Bí ọ̀pá bá ka 741, ó ti kọjá ààlà ní 179, èyí tí í ṣe ìdajì. Nítorí náà pèpéle yóò fi ìdajì eré rẹ̀ gòkè, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tún dára kí kọ̀ǹpútà má ṣe gba eré titun lẹ́sẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kí ó máa pọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni fún ìdúró tí kì í ṣe ti pàjáwìrì: bí eré sẹ̀ǹtímítà 5 bá dín kù dé òdo láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, pèpéle kò ní rìn ju sẹ̀ǹtímítà 1.25 lọ kí ó tó dúró, ère orí rẹ̀ kò sì ní mì.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí ìhà. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, fífa ọ̀pá sẹ́yìn ni ó ń gbé imú ọkọ̀ sókè. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí yóò rò pé títì síwájú ni 'gòkè'. Èrò méjèèjì lè pàdé lórí ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n sì fa ìjàǹbá. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn: kí a kan ọ̀pá náà mọ́ ara ògiri tàbí òpó, kí ìhà òkè rẹ̀ jẹ́ òkè gidi. Níbi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ lé ojú, kò sí ohun tí a ní láti rántí.

6.0 Afárá onílẹ̀kùn mẹ́rin

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo iná bátìrì máa ń yí sí ọ̀tún bí iná bá gba ẹnu rẹ̀ kan wọlé, ó sì máa ń yí sí òsì bí iná bá gba ẹnu kejì wọlé. Láti yí ìhà rẹ̀ padà, a ní láti yí ọ̀nà iná padà. Súìṣì mẹ́rin ni a fi ń ṣe èyí. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé ìlẹ̀kùn mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ òsì, méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí ẹ́ńjìnnì sì wà láàárín bí afárá. Bí a bá ṣí ti òkè òsì àti ti ìsàlẹ̀ ọ̀tún, iná yóò gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá láti òsì sí ọ̀tún, pèpéle yóò gòkè. Bí a bá ṣí ti òkè ọ̀tún àti ti ìsàlẹ̀ òsì, iná yóò gba ìhà kejì, pèpéle yóò sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìlẹ̀kùn òkè òsì àti ti ìsàlẹ̀ òsì bá ṣí pọ̀? Iná kò ní gba ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́. Yóò já láti òkè sí ìsàlẹ̀ tààrà, bí omi tí ó ya bèbè. Súìṣì yóò jó, wáyà yóò gbóná, iná lè sọ. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí pèpéle ń gòkè jẹ́ẹ́ tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí ọwọ́ bá yí ọ̀pá padà kíákíá, tí ìlẹ̀kùn kan kò tíì tì tán kí èkejì tó ṣí. Nítorí náà òfin ni pé láàárín 'gòkè' àti 'sọ̀ kalẹ̀', a gbọ́dọ̀ ti gbogbo ìlẹ̀kùn, kí a sì mí díẹ̀, kí a tó ṣí òmíràn. Kò sí ọ̀nà láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ tí kò gba ẹnu ọ̀nà ìdúró. Ohun tí a rí nínú ọ̀pá, tí àgbègbè ìdúró wà láàárín rẹ̀, ni a tún rí nínú wáyà yìí.

7.0 Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

A ti sọ pé ìpínyà láàárín ẹni tí ń pàṣẹ àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mú ewu wá. Ewu náà ni pé àṣẹ lè dé láìsí ẹni tí ó pa á. A ó yẹ ọ̀nà márùn-ún wò tí èyí lè gbà ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó lè dènà rẹ̀.

(i) Kí wáyà já. Bí wáyà tí ń gbé iná lọ sílẹ̀ bá já nínú ọ̀pá, ìròyìn yóò fò lọ sí fólítì 5, kọ̀ǹpútà yóò sì ka 1023. Ní ti kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́n, èyí túmọ̀ sí 'gòkè pẹ̀lú gbogbo agbára'. Bí èyí tí ń gbé iná wá bá sì já, yóò ka 0, yóò sì rò pé 'sọ̀ kalẹ̀' ni. Láti dènà èyí, a máa ń ṣètò ọ̀pá kí ìròyìn rẹ̀ má kọjá láàárín fólítì 0.5 sí 4.5, ìyẹn 102 sí 921. Ohunkóhun tí ó bá bọ́ sóde ààlà yìí kì í ṣe àṣẹ, àìsàn ni. Ìdáhùn sí àìsàn ni ìdúró. Ó tún yẹ kí a so wáyà ìròyìn mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ìdènà iná kan tí ó tóbi, kí ó lè ka 0 bí òun náà bá já.

(ii) Kí ọ̀pá há, tàbí kí nǹkan ṣubú lé e. Kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ni ó ti ọ̀pá tàbí àpò ìrẹsì. Nítorí náà a ń fi súìṣì ìdìmú kan sára ọ̀pá, èyí tí ìka gbọ́dọ̀ dì mú kí ohunkóhun tó lè rìn. Bí òǹlò bá ṣubú tàbí tí ó bá sá, ìka yóò kúrò, pèpéle yóò dúró.

(iii) Kí iná lọ, kí ó sì padà dé. Bí iná bá lọ nígbà tí ọ̀pá wà lókè, tí ó sì padà nígbà tí ọ̀pá ṣì há síbẹ̀, pèpéle yóò gbéra lójijì. Òfin rẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò gbọdọ̀ gba àṣẹ kankan àfi bí ó bá ti kọ́kọ́ rí ọ̀pá ní àgbègbè ìdúró.

(iv) Kí pèpéle dé òpin. A ń fi súìṣì òpin kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Ti òkè gbọ́dọ̀ dí 'gòkè' nìkan. Bí ó bá dí méjèèjì, ère yóò há sókè àjà. Ó sì yẹ kí súìṣì wọ̀nyí jẹ́ irú èyí tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí gbogbo nǹkan dára, tí ó sì ń gé iná nígbà tí pèpéle bá kàn án. Bí wáyà rẹ̀ bá já, yóò dà bí ẹni pé a ti dé òpin, ẹ̀rọ yóò sì dúró. Bí a bá ṣe é ní òdìkejì, súìṣì tí wáyà rẹ̀ já yóò dákẹ́, a ó sì rò pé àlàáfíà ni.

(v) Kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ya wèrè. Èyí ni bọ́tìnnì pupa wà fún. Kò gbọdọ̀ tọ kọ̀ǹpútà lọ láti tọrọ ìdúró. Ó gbọ́dọ̀ gé iná kúrò lára ẹ́ńjìnnì tààrà.

Bí a bá wo márààrún fínnífínní, a ó rí i pé ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé: kí ìṣípòpadà máa bèèrè fún àṣẹ tí ń bá a lọ láìdáwọ́dúró, kí ìdúró má sì bèèrè fún ohunkóhun. Ohun tí a fi ń gbé ẹrù gbọ́dọ̀ máa wá ìdí láti rìn. Kò gbọdọ̀ máa wá ìdí láti dúró.

8.0 Ìhà kejì: ọ̀tún àti òsì

Ọ̀pá-ìdarí kan lè ní ìròyìn méjì, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì fún ọ̀tún àti òsì. Èyí lè mú kí a fẹ́ fi ọ̀pá kan náà yí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kí a sì máa gbé ère káàkiri inú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ìdí ẹ̀rọ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí ibùdó ìwúwo ẹrù àti ẹ̀rọ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ dé dígírì 45 kí ó tó dojú dé. Bí a bá gbé ibùdó ìwúwo yìí dé mítà kan, nǹkan bíi dígírì 17 ti tó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá tún já sínú kòtò, tàbí tí a bá dá a dúró lójijì, kò ní dúró de dígírì 17 náà.

Fún ìdí èyí, a dábàá pé kí ìhà ọ̀tún àti òsì máa ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí súìṣì òpin ìsàlẹ̀ bá sọ pé pèpéle ti wà nílẹ̀. Bí òǹlò bá ti ọ̀pá sí igun, tí ó ń bèèrè ìhà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rọ má ṣe yàn fún un. Kí ó dúró, títí ọwọ́ yóò fi sọ èyí tí ó fẹ́.

9.0 Àtakò tí a lè rí

Àtakò mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí a dáhùn. Èkíní ni pé bọ́tìnnì méjì lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ọ̀pá. Òtítọ́ ni, ó sì dára fún àpò sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì lásán kò mọ 'díẹ̀', ère tí ó rọ̀ sì nílò 'díẹ̀' nígbà ìgbéra àti nígbà ìkanlẹ̀.

Èkejì ni pé okùn àti ọpọ́n roboto kò nílò iná, kò sì ní wáyà tí yóò já. A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí a ń fi ọwọ́ fà yóò ṣiṣẹ́ níbi tí iná kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, ẹni tí ń fa ẹ̀wọ̀n kì í sì í lè tún máa fi ojú sọ́ ère tímọ́tímọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù, ó sì kan kókó ọ̀rọ̀ wa gan-an: ìdúró kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ààbò. Bí pèpéle bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí ó sì tẹ ọwọ́ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, ìdúró yóò fi ọwọ́ náà há síbẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ìdúró ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é ṣe láti padà sókè lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ irin kan tí a lè kì bọ ìdí súkúrù, kí a fi ọwọ́ yí i sókè tàbí sísàlẹ̀ nígbà tí kò sí iná rárá. Ẹ̀rọ tí ó dúró tí kò sì ṣe é sọ̀ kalẹ̀ kò yàtọ̀ sí àkàbà tí a yọ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó wà lórí òrùlé.

10.0 Ìdánwò ṣáájú ìlò

Ní Òmù-Àrán, tí òun àti Èsìẹ́ jọ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún, ni Yunifásítì Landmark wà láti 2011, a sì ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Irú iṣẹ́ tí a ṣàlàyé yìí kò kọjá agbára akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn. Ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe é, níbikíbi tí ó bá wà, má ṣe gbé ère kankan lé e kí ó tó dán an wò. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì jẹ́ kìlógíráàmù 100 gẹ́lẹ́. Kí ó gbé wọn sókè dé ìdajì, kí ó sì yọ bátìrì. Kí ó já wáyà ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó di ọ̀pá mọ́ òkè pẹ̀lú okùn, kí ó wá tan iná. Kí ó yí ọ̀pá láti òkè sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mẹ́wàá. Kí ó já wáyà súìṣì òpin. Nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó tọ̀nà: kí sìmẹ́ǹtì dúró níbi tí ó wà, tàbí, nígbà tí a bá yí ọ̀pá padà, kí ó kọ́kọ́ dúró kí ó tó gba ìhà kejì. Bí ọ̀kan bá kùnà, iṣẹ́ kò tíì parí.

11.0 Ìkádìí

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn bí ọ̀pá-ìdarí ṣe ń sọ ìhà tí pèpéle agbérù yóò kọrí sí: nípa fólítì tí ń pọ̀ tí ó sì ń dín, nípa oǹkà tí kọ̀ǹpútà ń kà, àti nípa ìlẹ̀kùn mẹ́rin tí ń yí ọ̀nà iná padà. A rí i pé ní ipele kọ̀ọ̀kan, àárín ni ọ̀rọ̀ wà. Àgbègbè ìdúró wà láàárín ọ̀pá. Ìmí díẹ̀ wà láàárín ìlẹ̀kùn. Ìdìmú súkúrù wà láàárín ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀. A tún rí i pé a lè sọ gbogbo èyí ní èdè Yorùbá láìjẹ́ pé a dá ọ̀rọ̀ titun púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò náà ti ní orúkọ lẹ́nu awakọ̀, oníṣẹ́ iná àti alọta.

Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹni tí yóò tẹ̀ lé wa ni láti wo bí pèpéle ṣe lè mọ̀ pé ẹrù orí rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò láàárín, kí ó sì dúró kí ó tó ṣubú. Bí a bá lè yanjú ìyẹn, a ó lè fi ọkàn balẹ̀ gbé ohun tí kò ní àpààrọ̀ kúrò níbìkan lọ sí ibòmíràn.